Ìgbì Tí Ń Kọjá ní Ìlú Òòfà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin tí ẹ ti oko dé, tí ilẹ̀ ṣì wà nínú èékánná yín, ẹ kú àárẹ̀ o. Ẹ̀yin tí ọjọ́ orí ti wọ̀ ní orúnkún, Olúwa yóò máa rọra gbé yín dìde. Kí n tó la ẹnu ìtàn, ẹ jẹ́ kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, Ẹni tí ó ka irun orí wa, tí ó mọ iyanrìn etí òkun ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí kì í wò wọ́n bí òkìtì. Òun ló pa mí mọ́ nínú igbó. Ẹ má wò mí báyìí o! Ẹfọ̀n ti lé mi rí títí ó fi rẹ ẹfọ̀n náà, tí ó jókòó, tí èmi sì dúró dè é kí ó sinmi tán. Ṣùgbọ́n lónìí, àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo ní láti mí kanlẹ̀ ní àárín rẹ̀ kí n tó gun èyí tó kù. Ọpẹ́ náà ni.

Ìtàn tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe tèmi. Ti Ọdẹ́jìnmí ni, àgbà ọdẹ ìlú Ìsàlẹ̀-Àpáta, ẹni tí ó kọ́ mi bí a ti ń ka ipasẹ̀ ẹran. Ọdẹ yòókù a máa wo ipasẹ̀ láti mọ irú ẹran tó kọjá. Ọdẹ́jìnmí a bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, a fi ìka kan ilẹ̀, a sì sọ fún ọ bí ó ti rẹ ẹran náà tó. Á ní, "Èyí ti fẹ́ jókòó, ẹ má sáré." Àwa á rìn lọ síwájú díẹ̀, ẹran á sì ti jókòó.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, ó ti rẹ Ọdẹ́jìnmí fúnra rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Akọni inú ìtàn mìíràn a máa fi agbára jáde nílé, àárẹ̀ a sì pàdé rẹ̀ lọ́nà. Ẹni tiwa, kí ó tó di bàtà mọ́ ẹsẹ̀ ló ti rẹ̀ ẹ́. Ó ti sin ìyàwó rẹ̀, ó ti sin àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń ṣọdẹ, ọmọ kan ṣoṣo ló kù fún un láyé, Sílà, géńdé ọkùnrin, ọdẹ bíi bàbá rẹ̀. Sílà ti gbé Dọ́káàsì níyàwó, Dọ́káàsì sì ti lóyún.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Sílà tọ ìgalà kan wọ Igbó Ìdákẹ́. Ìgalà jáde. Sílà kò jáde.

Wọ́n wá a títí. Níkẹyìn, ọkùnrin kan tí ó máa ń kó oyin nínú igbó náà tọ Ọdẹ́jìnmí wá, ojú tì í.

Ó ní, "Bàbá, mo rí i. Ìbọn rẹ̀ ló ń wọ́ ọ lọ, bí òbúkọ ti í wọ́ ọmọdé tó di okùn rẹ̀ mú. Ó ń fẹsẹ̀ tilẹ̀, ó ń ké pé, 'Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ìbọn mi!' Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kí Ọlọ́run foríjì mí. Nígbà tí mo fi máa sọ̀ kalẹ̀ lórí igi, n kò rí i mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà yé Ọdẹ́jìnmí. Ó mọ̀ pé òòfà ni. Ẹ̀yin náà mọ òòfà, òkúta dúdú tí àwọn alágbẹ̀dẹ ń dì sínú àkísà, tí abẹ́rẹ́ bá rí i, tí abẹ́rẹ́ á fò mọ́ ọn. Àwọn àgbà sọ pé ìlú kan wà nínú irú òkúta bẹ́ẹ̀ nísàlẹ̀ Igbó Ìdákẹ́, àti pé ẹni tí irin rẹ̀ bá fà débẹ̀ yóò di ara ìlú. Yóò dúró lórí ìlà, yóò kọjú sí ibi tí gbogbo wọn kọjú sí, ojú tirẹ̀ yóò sì di ojú tiwọn, tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá tó bí i yóò kọjá lára rẹ̀ láìmọ̀ ọ́n.

Nígbà tí ó ń di ẹrù, Dọ́káàsì dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ wo ara yín. Orúnkún yín ń dún bí ilẹ̀kùn."

"Ó ń dún, ọmọ mi, ṣùgbọ́n ó ń ṣí."

Dọ́káàsì fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Ó gbé ọwọ́ lé ikùn. "Ẹ bá mi mú un bọ̀, Bàbá. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yìí máa na ìka sí igbó, kí ó máa sọ fún ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ibẹ̀ yẹn ni bàbá òun wà."

Ọdẹ́jìnmí fi ìbọn kọ́ èjìká, ó fi àdá sí ìbàdí, ó ki ìwé orin rẹ̀ àti èkùrọ́ tí yóò máa jẹ lọ́nà sínú àpò, ó sì lọ.

Ọ̀nà tí ó lọ sí ìlú náà ni wọ́n ń pè ní Ọ̀nà Ìrẹ̀sílẹ̀. Kò sí ẹ̀gún níbẹ̀, kò sí ejò, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí àárẹ̀ bá mú ẹni tí ń rìn ín, tí ó mí kanlẹ̀, ara rẹ̀ á súnkì. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ara rẹ̀ le lè rìn ín títí ayé kí ó má dé ibì kankan. Ní ti Ọdẹ́jìnmí, ó dé kíákíá! Ó mí kanlẹ̀, koríko kan án ní àyà. Ó tún mí, koríko di ìrókò lórí rẹ̀. Ó pàdé eèrà tó tó màlúù, ó kí i, eèrà náà sì yà fún un nítorí ewú orí rẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó rí òkè funfun kan tí ń dán, ó rìn yí i ká títí, kí ó tó mọ̀ pé hóró iyanrìn kan ni. Ó jókòó nídìí rẹ̀, ó ní, "Olúwa, bí O bá mọ èyí lórúkọ, á jẹ́ pé O mọ ibi tí mo wà."

Ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Iwin kan jáde tí kò ní ìrísí kan pàtó, nítorí pé kò dúró sójú kan kí ojú lè mú un. Eyín rẹ̀ ń kọlu ara wọn, etí rẹ̀ ń mì, òjìji rẹ̀ pàápàá ń sá síwá sẹ́yìn. Ìwárìrì ni orúkọ rẹ̀.

"Ta-ta-ta nìyẹn?"

"Èmi Ọdẹ́jìnmí ni. Ọmọ mi ni mò ń wá."

"Ọ-ọmọ ta ni kò sọnù? Kí lo fẹ́ kí n ṣe, kí n sunkún? Bí mo bá sunkún, omijé mi á gbọ̀n dànù. Èmi ni mò ń mi ilé inú ìlú yẹn. Ohun gbogbo tí ó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ láyé, èmi ló wà nínú rẹ̀. Má-má kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá, àlọ́ ni yóò já fún mi."

"Pa àlọ́ náà, mo ń gbọ́."

Ìwárìrì di ara rẹ̀ mú kí ohùn rẹ̀ lè dúró. "Ó rìn láti ìpẹ̀kun ìlú dé ìpẹ̀kun ìlú. Kò ní ẹsẹ̀. Àwọn tó gbé e kọjá kò sì kúrò níbi tí wọ́n dúró sí. Kí ni?"

"Òkìkí ni."

"Irọ́! Òkìkí ní ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ olófòófó ló ń lò."

Ọdẹ́jìnmí ronú. Ó rẹ̀ ẹ́, ọkàn rẹ̀ sì sá lọ sí ibi tí ọkàn rẹ̀ máa ń sá lọ bí ó bá rẹ̀ ẹ́, ìyẹn orí bẹ́ńṣì rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lójijì ó bú sẹ́rìn-ín.

"Àmín ni! Bí àlùfáà wa bá parí àdúrà níwájú, àwọn ìyá ìjọ á gbà á, 'Àmín'. Àwọn tó wà lẹ́yìn wọn á gbà á lẹ́nu wọn. Àwọn akọrin á gbà á. Títí á fi dé ọ̀dọ̀ bàbá adití tí ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Òun kò gbọ́ àdúrà, ṣùgbọ́n bí ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá ti tẹrí ba, òun náà á tẹrí ba. Kò sẹ́ni tó kúrò lórí bẹ́ńṣì, síbẹ̀ Àmín ti dé ìta."

Ẹ̀rín pa Ìwárìrì tó bẹ́ẹ̀ tí hóró iyanrìn náà yí kúrò lójú ọ̀nà.

"Ìgbì ni wọ́n ń pè é ní ìlú òòfà, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá Àmín ni. Gb-gbọ́ mi, bàbá. Ẹnì kan á fi orí tẹ̀ díẹ̀, ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á tẹ̀, ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á tẹ̀, ó ń kọjá lọ nìyẹn. Ojú wọn kò yàtọ̀ síra, má wulẹ̀ wo ojú. Ìgbì ni kí o wò. Àlejò kò mọ̀ ọ́n tẹ̀ bí ọmọ ìlú. Bí ìgbì bá dé ibi tí àlejò wà, yóò pín, yóò gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Níbi tí ó bá ti pín ni kí o wá ọmọ rẹ."

"Báwo ni n ó ṣe rí i?"

"O kò lè rí i bí mo bá jí. Títẹ̀ orí wọn kò tó nǹkan. Níbi tí mo bá ti ń mi ilé tòrùlé-tòrùlé, ta ni yóò mọ̀ pé ẹnì kan mi orí? Ọ-ọyẹ́ ló máa ń mú mi sùn. Dúró de ọyẹ́."

Ọdẹ́jìnmí dúró de ọyẹ́. N kò ní sọ bí ìdúró náà ti rí. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó ti aláìsàn rí mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ọyẹ́ dé, Ìwárìrì ká jọ bí ológbò, ó sùn, ayé sì dákẹ́.

Ìlú òòfà yọ. Ó fẹ̀ lọ lápá ọ̀tún, ó fẹ̀ lọ lápá òsì, ṣùgbọ́n kò nípọn rárá. Bí aṣọ tí a sá sí ẹ̀gbẹ́ òkè ló rí. Àwọn ará ìlú dúró ní ìlà-ìlà, ìlà kan lórí ìkejì, gbogbo wọn kọjú sí àríwá, fìlà kan náà, imú kan náà, ètè tó pa dé kan náà. Kò sí ariwo. Kò sí ẹni tó ṣẹ́jú.

Níbẹ̀ ni Ọdẹ́jìnmí ti ṣe ohun tí ọdẹ nìkan lè ṣe. Ó gbé ìbọn wọlé.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ọdẹ kì í gbé ìbọn sílẹ̀ nínú igbó. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ mu omi, ó wà léjìká. Bí ó bá kúnlẹ̀ gbàdúrà, ó wà lórí itan. Ọjọ́ tí ìbọn bá kúrò lára ọdẹ ni ọjọ́ tí àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ bá gbé e lọ sínú igbó láti ṣípà rẹ̀, èyí tí í ṣe ìdágbére ìkẹyìn fún ọdẹ, òun fúnra rẹ̀ á sì ti wà nínú ilẹ̀. Ọdẹ́jìnmí mọ̀ pé irin ló kó Sílà sí wàhálà, ó mọ̀ ọ́n bí ẹ ti mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ìbọn náà ti wà lára rẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò kà á kún irin mọ́. Ó kà á kún èjìká.

Bó ti wọ ẹnu bodè, àwọn ará ìlà iwájú yí ojú kúrò ní àríwá, gbọ̀ọ́, wọ́n kọjú sí ìbọn. Ìbọn fò. Ó lẹ̀ mọ́ ará ìlú kan láyà pẹ̀lú èjìká Ọdẹ́jìnmí nínú okùn rẹ̀. Ọrùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí àríwá. Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé ó dùn mọ́ ọn. Àárẹ̀ rẹ̀ ń lọ. Ẹni tó bá ti dúró bẹ́ẹ̀ kò ní rìn mọ́ láéláé.

Ẹnì kan fi eyín gé okùn ìbọn náà, ó sì fa Ọdẹ́jìnmí ní ẹ̀wù sẹ́yìn títí ó fi ṣubú síta. Arúgbó obìnrin kan ni, irun rẹ̀ ń tàn yanran.

"Ta ló ń gbé irin wọ ìlú òòfà? Ìwọ bàbá yìí, ṣé o fẹ́ fi ara rẹ ṣe òpó ni?"

"Ẹ má bínú, ìyá. Ọdẹ ni mí."

"Mo gbóòórùn rẹ kí n tó rí ọ. Èmi ni Yèyé Mànàmáná. Ìlú yìí ni àwọn ọmọ mi ti ń sáré, ìwọ sì ti yí ìlà iwájú wọn lójú padà. Wọn á pẹ́ kí wọ́n tó tún tò." Ó mú ìbọn náà ní ìdí, ó fà á já kúrò láyà ará ìlú náà, ó jù ú sí Ọdẹ́jìnmí lẹ́sẹ̀. "Bí o bá fẹ́ wọlé, gbé gbogbo irin ara rẹ sílẹ̀."

"Ìyá, ọdẹ tó bá gbé ìbọn sílẹ̀ nínú igbó, ó ti kú."

"Ó dára. Kú, kí o sì wọlé."

Ọdẹ́jìnmí wo ìlà àwọn tó dúró. Nínú wọn ni Sílà wà. Ó tẹ́ ìbọn náà sílẹ̀ nídìí àpáta, ó gbé àdá tì í, ó tú bẹ́líìtì rẹ̀ nítorí ojú irin tó wà lára rẹ̀, ó da ọta sílẹ̀, ó yọ abẹ́rẹ́ tó gún mọ́ fìlà. Lẹ́yìn náà ó dúró lé wọn lórí bí ó ti dúró lé ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ṣípà ara rẹ̀. Ó kí ìbọn pé ó ṣeun, kò tàsé ju bó ti yẹ lọ. Ó kí àdá. Ó ní, "Ẹni tó ni yín ti lọ." Ó ṣí ìwé orin, ó kọ orin ìsìnkú kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Òun nìkan ló kọ ọ́, òun náà ló ṣe Àmín.

Yèyé Mànàmáná káwọ́ gbera. "Ṣé òkú ti kọrin tán?"

"Ó ti kọ ọ́ tán, ìyá."

"Káàbọ̀ o. Wàyí, kí lo ń wá?"

Ó sọ fún un. Yèyé tẹ́tí, ojú rẹ̀ sì rọ̀, nítorí pé abiyamọ ni.

"O kò lè fi ojú rí ìgbì yẹn," ó ní. "Àwọn ọmọ mi nìkan ló ń pàdé rẹ̀. Wọ́n kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ìwọ tí o fi iyanrìn ṣe òkè yìí, òkè ni ìwọ náà lójú wọn. Wọn á gba iwájú ìlú wọlé, wọn á gba ẹ̀yìn jáde kí o tó ṣẹ́jú. Oúnjẹ kan náà ni mò ń bọ́ wọn, agbára kan náà ni wọ́n fi ń wọlé. Ẹni tí kò bá pàdé nǹkan kan, bó ti wọlé náà ni yóò jáde. Ẹni tó bá pàdé ìgbì, ó ti fi díẹ̀ nínú agbára rẹ̀ sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Á rẹ̀ ẹ́."

"Á rẹ̀ ẹ́ tó báwo?"

"Bí ẹni tó rìn láti ilé rẹ dé etí òkun, tí ó gbé eṣinṣin kan lọ́wọ́ ní apá kan ọ̀nà."

Ọdẹ́jìnmí mí kanlẹ̀. Ó ní, "Wọ́n ha ní ipasẹ̀ bí?"

"Eérú funfun ló wà lẹ́yìn ìlú. Wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n bá ti jáde."

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sáré. Ẹ̀yin ẹ fi wọ́n ránṣẹ́, èmi ó ka àárẹ̀ wọn."

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Yèyé á rán ọmọ kan gba ibì kan, á rán òmíràn gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, á tún sún díẹ̀. Lẹ́yìn ìlú, Ọdẹ́jìnmí kúnlẹ̀ lórí eérú, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, gbogbo ipasẹ̀ jọra lójú rẹ̀. Nígbà tí ojú rẹ̀ là díẹ̀, ó rí i pé ó rẹ àwọn kan, inú rẹ̀ dùn, ó sàmì sí wọn, àṣé Ìwárìrì ló yí ara padà lójú oorun tó sì mi ilé lù wọ́n. Ó gbá gbogbo rẹ̀ nù, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó wá mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ẹni tí ilé mì lù, gìgísẹ̀ rẹ̀ á rì. Ẹni tó pàdé ìgbì, gìgísẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́, ọmọ ìka ẹsẹ̀ nìkan ló máa ń wọ́ díẹ̀ nínú eérú, bí ẹsẹ̀ ẹni tó pọn omi dé tí kò fẹ́ kí ó dà. Ọdẹ́jìnmí mọ irú àárẹ̀ yẹn. Òun ló ti ń gbé kiri láti ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti kú.

Níbi gbogbo tí ọmọ ìka bá ti wọ́ eérú, ó fi èkùrọ́ kan síbẹ̀. Èkùrọ́ ń pọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò nà mọ́. Nígbà tí ó dìde tí ó sì gun orí òkúta láti wò wọ́n lápapọ̀, ẹ̀yin èèyàn mi, ó rí ìgbì! Àwọn èkùrọ́ náà tò lọ ní ìlà tó ń tẹ̀ kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀, ọ̀kan tẹ̀lé ìkejì, bí ojú odò tí afẹ́fẹ́ fẹ́ lé lórí. Ohun tó ń kọjá lórí àwọn tí kò rìn, ó wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó yọ fìlà. Ó ní, "Olúwa, iṣẹ́ Rẹ mà pọ̀ o, kódà níbi tí ojú ò tó."

Ní ibì kan, ìgbì náà pín. Ọdẹ́jìnmí sáré wọ ìlú, ó gba àárín ìlà, ó dé ibẹ̀. Àlàfo ni. Ẹni tó ń dúró níbẹ̀ ti di eruku láti ayébáyé, àyè rẹ̀ nìkan ló kù, ìgbì sì ń yà fún un bí ẹni pé ó ṣì wà.

Ọdẹ́jìnmí jókòó sínú àyè náà. Kò sunkún. Ó kàn jókòó.

Yèyé bá a níbẹ̀. "Ṣé ibẹ̀ lo máa gbé ni? Àyè wà o. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wá ẹni tí yóò dí i."

"Ó rẹ̀ mí, ìyá."

"Ó rẹ àwọn ọmọ mi náà. Ìwọ lo ń kà á lára wọn, o kò gbọ́ kí ọ̀kan nínú wọn jókòó."

Ó dìde. Orúnkún rẹ̀ dún. Ó padà sórí eérú, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti apá kejì ìlú, níbi tí ìlà ti ga jù, tí ọyẹ́ sì ti mú jù. Ìka ọwọ́ rẹ̀ ti la, ojú rẹ̀ ń ṣomi. Èkùrọ́ tẹ̀lé èkùrọ́. Níkẹyìn, ní ibì kan tí kò retí, ìgbì tún pín, kì í ṣe bí omi tí ń yà fún kòtò, bí kò ṣe bí odò tí ń pín lára òpó tí a rì mọ́lẹ̀. Ohun kan wà níbẹ̀ tí ó ń kọ̀ láti tẹ̀.

Ọdẹ́jìnmí sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní, "Olóríkunkun ni. Ọmọ mi ni."

Ó dúró níwájú ẹni náà. Ojú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ẹni ọ̀tún, kò yàtọ̀ sí ti òsì. Ìbọn kan lẹ̀ mọ́ ọn láyà. Ọdẹ́jìnmí pè é lórúkọ, kò gbọ́. Ó fa ìbọn, kò wá. Ó mi èjìká rẹ̀, bí ẹni mi àpáta ni.

Yèyé pariwo láti ìsàlẹ̀, "Iná ló máa ń jẹ́ kí òòfà gbàgbé ara rẹ̀, ṣùgbọ́n o kò gbọdọ̀ dá iná sójú ọ̀nà àwọn ọmọ mi!"

Ọdẹ́jìnmí kò ní iná. Ó tú ẹ̀wù rẹ̀ láyà, ó sì dì mọ́ Sílà tìbọn-tìbọn. Irin náà tutù bí ikú. Bó ti dì í mú, ooru ara rẹ̀ ń lọ, òtútù ń bọ̀ wá sí ara tirẹ̀, eyín rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbá. Ìgbì ń kọjá, ó ń pín ní ọ̀tún wọn, ó ń pín ní òsì wọn. Kò tú u sílẹ̀. Kò rí àdúrà gbà ju "Olúwa, Olúwa" lọ. Ó pẹ́ kí ó tó mọ̀ pé gbígbọ̀n tí òun ń gbọ̀n kì í ṣe tòun nìkan mọ́. Àyà tí òun dì mọ́ ń gbọ̀n pẹ̀lú. Ìwárìrì, ẹni tó ti da iṣẹ́ Ọdẹ́jìnmí rú tẹ́lẹ̀, ti jí nítorí ooru náà, ó sì ti wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Ìbọn náà yọ̀, ó bọ́ sílẹ̀ gbàgà. Ọrùn kan dún. Ojú kan kúrò ní àríwá.

"Ta ló ń fún mi ní ìhà pinpin báyìí?"

Ọdẹ́jìnmí gbé orí sókè wò ó.

"Bàbá? Kí lẹ wá ṣe níbí? Ṣé ìgalà yẹn ti jáde?"

"Ìgalà ti délé kí n tó jáde nílé."

"Dọ́káàsì ńkọ́?"

"Ó ń dúró dè ọ́. Bóyá wọ́n ti di méjì tí ń dúró."

Sílà bẹ̀rẹ̀ láti mú ìbọn rẹ̀. Ọdẹ́jìnmí tẹ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Fi í sílẹ̀. Tèmi náà wà lẹ́nu bodè, mo ti sin ín."

Wọ́n kí Yèyé Mànàmáná, ó ní kí wọ́n kí abiyamọ náà fún òun. Wọ́n gba Ọ̀nà Ìrẹ̀sílẹ̀ padà, ara wọn sì ń tóbi bí wọ́n ti ń gòkè, títí koríko fi di koríko. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti jáde sábẹ́ igi, ẹsẹ̀ Ọdẹ́jìnmí yẹ̀. Sílà bẹ̀rẹ̀, ó pọ̀n ọ́n.

"Bàbá, ọ̀nà wo ni? N kò mọ igbó yìí. Ìbọn ló wọ́ mi wá, n kò wo ojú ọ̀nà."

"Ibi tí ọ̀nà ti pín nìyí. Yà sí…"

Sílà dúró de ìyókù. Kò dé. Ó yí orí díẹ̀, ó sì rí i pé bàbá òun ti sùn, ẹnu rẹ̀ là lórí èjìká òun bí ti ọmọ ọwọ́.

Bí ó bá gbé ẹsẹ̀ kan, ó lè ṣìnà. Bí ó bá sọ ọ́ kalẹ̀, ó lè jí. Dọ́káàsì ń dúró lọ́nà jíjìn, ọkàn Sílà sì ń sáré. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn dáadáa kí ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ má baà fà sílẹ̀. Sílà dúró. Oòrùn yí láti ọ̀tún rẹ̀ bọ́ sí òsì. Ẹyẹ kan bà lé e lórí, ó fò lọ. Eèrà gun ẹsẹ̀ rẹ̀, ó jẹ ẹ́, ó sọ̀ kalẹ̀. Kò yí ọrùn, kò sún ẹsẹ̀, kò sí òòfà kankan níbẹ̀ tó mú un. Títí Ọdẹ́jìnmí fi jí fúnra rẹ̀ tí ó sì ní, "…sí òsì."

Ìwọ tí o tẹ́tí sí ìtàn yìí dé ìhín, mo súre fún ọ. Ohun tí ó sọnù mọ́ ọ lọ́wọ́, kí Ọlọ́run fi ojú tí kò wo àpapọ̀ wá a rí fún ọ. Àárẹ̀ tí o kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni, kí Ó kà á lára ipasẹ̀ rẹ. Bí o bá sì rìn títí tí ẹsẹ̀ kò gbà mọ́, kí Ó fún ọ ní ẹ̀yìn kan tí o lè sùn lé, àti ọmọ tí yóò dúró títí o ó fi jí. Àmín. Gbà á, kí o sì jẹ́ kí ó dé ọ̀dọ̀ ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ.